ỌMỌ TÍ A FI SÍ ỌWỌ́ ẸLÒMÍRÀN

Bíbélì kíkà: Ẹ́sítérì 2:5-11; 1 Sámúẹ́lì 2:18-21.
Ẹsẹ àkọ́sórí: Ẹ́sítérì 2:11. Kí olùdarí ẹ̀kọ́ kà á láti inú Bíbélì, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì wí i tẹ̀lé e.
Kókó ẹ̀kọ́: Bí a bá tilẹ̀ fi ọmọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, a kò gbọdọ̀ mú ojú wa kúrò lára rẹ̀.

ÌFÁÁRÀ

Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, arábìnrin kan dìde, ó ní kí a bá òun dúpẹ́. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, lọ sí ọ̀hún kí ó lè kàwé. Gbogbo wa ṣe Àmín, a sì fi orin bá a yọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wa, títí kan èmi tí mo fi ọdún 35 kọ́ ọmọdé, tí ó bi í léèrè pé: “Ilé ta ni ọmọ náà yóò máa sùn? Ta ni yóò máa lọ wò ó?” Ìbéèrè méjì yìí ni ó bí ẹ̀kọ́ wa ti òní.

Ní Ọ̀tà àti Sàngó tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ náà kan ilé gbogbo. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti kó onírúurú ènìyàn jọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni iṣẹ́ gbé wá. Ìyá a máa lọ iṣẹ́ òru, bàbá a máa lọ iṣẹ́ ọ̀sán, ọmọ a sì wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọ̀nà Ìdírókò tí ó gba ìlú wa kọjá ni àwọn ọmọdé ń gbà wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin, láti ìhà Kétu, Sákétẹ́ àti Kútọnú, láti wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àwa náà ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun. A ń rán ọmọ lọ, a sì ń gba ọmọ wọlé.

Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà kí a fi ọmọ fún alágbàtọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo gbé tí mo fi ka ìwé mẹ́fà. Ó nà mí, ó sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ kí ọjọ́ ọjà kan kọjá kí ó má yà wò mí. Á tú irun mi wò, á wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, á béèrè ohun tí mo jẹ ní àná. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ̀ dájú pé ojú kan wà lára mi. Ojú náà ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí.

1. MÓDÉKÁÌ ÀTI HÁNÀ

Ọmọ àtìpó ni Ẹ́sítérì. A ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbèkùn kúrò ní ilẹ̀ wọn, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti kú. Módékáì, ìbátan rẹ̀, ni ó gbà á tọ́ bí ọmọ ara rẹ̀. Nígbà tí a mú ọmọ náà lọ sí ààfin, Módékáì kò lè bá a wọlé. Kí ni ó ṣe? Lójoojúmọ́ ni ó ń rìn níwájú àgbàlá ilé àwọn obìnrin láti mọ bí Ẹ́sítérì ti wà. Kò sọ pé, “Ààfin ni ó wà, kí ni yóò ṣe é?” Ilé ọlá kò mú kí ó sinmi.

Ẹ wo Hánà pẹ̀lú. Ó fi Sámúẹ́lì fún Olúwa, ó sì fi í sí ọwọ́ Élì àlùfáà. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni ó ń rán ẹ̀wù kékeré tí ó sì ń mú un lọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ nínú wa mọ̀ pé ẹni tí yóò rán ẹ̀wù fún ọmọ tí ń dàgbà gbọ́dọ̀ mọ bí apá rẹ̀ ti gùn tó. Bí ilé Ọlọ́run bá jẹ́ ibi tí ìyá kò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀, kí ni kí a wá sọ nípa ilé ènìyàn?

2. VICTORIA CLIMBIÉ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ojú òbí rẹ̀ kò tó mọ́. Ní November 1991 ni a bí Victoria Climbié ní Abobo, nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Òun ni ìkarùn-ún nínú ọmọ 7. Ní 1998, Marie-Thérèse Kouao, àǹtí bàbá rẹ̀ tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, wá sílé, ó ní òun yóò mú ọmọ kan lọ kí ó lè kàwé. Inú àwọn òbí náà dùn, bí inú wa ti dùn ní ìpàdé wa. Ìwé ìrìnnà tí Kouao fi mú un lọ kì í ṣe ti Victoria. Orúkọ ọmọ mìíràn, Anna, ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ yìí ni a sì ń pe ọmọ náà ní ìlú Òyìnbó títí ó fi kú.

Ní April 1999 ni wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Victoria kò wọ ilé ìwé kankan níbẹ̀. Ní July, wọ́n kó lọ sí ilé Carl Manning, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ní Tottenham. Ibẹ̀ ni ìyà náà ti le sí i. Wọ́n ń lù ú, wọ́n ń dì í tọwọ́ tẹsẹ̀, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni ó ń sùn nínú òtútù, nínú àpò ọ̀rá dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé e dé ilé ìwòsàn nínú oṣù July yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá gbọ́ nípa rẹ̀. Èdè Faransé ni ọmọ náà ń sọ, ẹnu Kouao ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Kouao tilẹ̀ mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹ̀mí èṣù ni ó wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 February 2000, Victoria kú. Ọmọ ọdún 8 ni. A ka ọgbẹ́ àti àpá 128 ní ara rẹ̀. Ní January 2001, ilé ẹjọ́ rán Kouao àti Manning lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Lord Laming tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 2003 pé, ó kéré tán, ìgbà 12 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àǹfààní láti gba ọmọ náà là tí wọn kò lò ó. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ọmọdé ní 2004.

Ẹ̀yin arábìnrin, àwọn òbí Victoria kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn ni àwa náà ń fẹ́. Ìbátan ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, kì í ṣe àjèjì. Ṣùgbọ́n kò sí Módékáì tí ń rìn níwájú ilé náà.

3. OHUN TÍ ÒFIN ÌLÚ ỌBA WÍ

Láti bí ọdún 1950 sí i ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lọ kàwé ní Ìlú Ọba ti ń fi ọmọ wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó alágbàtọ́, tí wọ́n sì ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Àwọn kan rí ilé rere. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ èdè wọn, láìmọ ìyá wọn.

Òfin ọmọdé ti 1989 ní ilẹ̀ náà sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́, a gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ létí kí wọ́n lè wá wo ilé náà. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ ìyá, ìyàwó bàbá, àti ẹni tí ó bá bàbá tàbí ìyá ọmọ tan bí ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá. Àǹtí bàbá kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Ẹni tí àwa ń pè ní “ẹbí kan náà” lè jẹ́ àjèjì lójú òfin ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ìyá àgbà nínú wa. Bí ọkọ àti aya bá ń jà ní òkè òkun, ọ̀kan nínú wọn lè fẹ́ kó àwọn ọmọ wá bá wa ní Ọ̀tà lójijì. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin 1984 kí òbí kan mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò nílùú láìgba ìyọ̀ǹda òbí kejì tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ náà, tàbí ti ilé ẹjọ́. Kí a tó sọ pé “bàbá ló lọmọ”, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí ìyá wọn wà. Ilé ẹjọ́ tiwa náà, bí tọkọtaya bá ń jà sí ọmọ, ire ọmọ náà ni òfin ní kí ó gbé síwájú.

4. ỌMỌ ẸLÒMÍRÀN TÍ Ó WÀ NÍ ILÉ WA

Àwọn àgbà wí pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bà wá lọ́kàn jẹ́. Ní 2003, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 200 ni a kó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tí a sì dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Zakpota. Àwọn òbí kan gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n rán ọmọ wọn lọ kọ́. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin fọwọ́ sí àdéhùn láti dáwọ́ òwò náà dúró. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbà ní 2006, kò fi àyè gba kí a mú ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ìwé kẹrin, láti ìhà Sákétẹ́. Ó ń pẹ́ dé, ó sì ń sùn lórí tábìlì. Mo nà án nítorí pípẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. N kò béèrè. Lẹ́yìn tí kò wá mọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ fún mi pé láti agogo mẹ́rin ìdájí ni ó ti ń lọ ata, tí ó sì ń kiri ọjà fún obìnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wá ilé náà kàn. Wọ́n ní ó ti lọ, wọn kò mọ ibi tí ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọmọ tí ń tòògbé, mo máa ń béèrè kí n tó bá a wí.

5. OHUN TÍ A LÈ ṢE

(a) Kí a mọ ilé náà kí ọmọ tó lọ. Kí a mọ àdírẹ́sì, iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, àti ilé ìwé tí ọmọ yóò wọ̀.

(b) Kí a má ṣe gbà láéláé kí ọmọ wa fi orúkọ tàbí ìwé ìrìnnà ọmọ ẹlòmíràn rin ìrìn àjò. Ọmọ tí a pa orúkọ rẹ̀ dà ṣòro láti wá.

(d) Kí a ní ẹlòmíràn ní ìlú náà, ará ìjọ tàbí ọ̀rẹ́, tí yóò máa yà wo ọmọ láìsọ tẹ́lẹ̀.

(e) Kí a máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní òun nìkan, ní èdè tí ó gbọ́. Ìyá John Wesley, Susanna, bí ọmọ 19, 10 ni ó yè dàgbà. Síbẹ̀ ó ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John.

(ẹ) Bí ọmọ bá ń tọ̀ sílé tàbí tí kò sọ̀rọ̀, kí a má ṣe kọ́kọ́ pè é ní ẹlẹ́mìí èṣù tàbí àjẹ́. Kí a kọ́kọ́ wo ara rẹ̀.

(f) Bí a bá rí àpá lára ọmọ aládùúgbò, kí a sọ fún olórí kíláàsì wa, kí a sì jọ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Èyí kì í ṣe òfófó.

ÌKÁDÌÍ

Àwa mẹ́ta lọ kí arábìnrin wa nílé. A kò sọ pé kí ó má rán ọmọ rẹ̀ lọ. A kàn jókòó tì í, a sì bá a kọ ìbéèrè mẹ́rin sínú lẹ́tà sí ìbátan ọkọ rẹ̀: nípa ilé, nípa ilé ìwé, nípa ìjọba ìbílẹ̀, àti nípa ẹni tí yóò máa yà wo ọmọ náà. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, èsì kò tíì dé. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ń lọ ilé ìwé ní Sàngó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí Módékáì máa rìn níwájú àgbàlá lójoojúmọ́?
2. Ta ni ó wà ní ilé rẹ tí kì í ṣe ọmọ rẹ? Ìgbà wo ni ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?
3. Ọmọ wo ni o fi sí ọwọ́ ẹlòmíràn? Ta ni ń bá ọ wò ó?

ÀDÚRÀ

Bàbá wa ọ̀run, ìwọ tí kì í tòògbé, dárí jì wá níbi tí a ti mú ojú kúrò. Pa àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkèèrè mọ́, sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn sùn ní àlàáfíà lábẹ́ òrùlé wa. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.