Kí Ni Kó Dúró, Kí Ni Kó Yí Padà?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Oníwàásù 3:1-8



Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyípadà bá kan ilẹ̀kùn tiwa, a máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn mìíràn ń sáré tẹ̀ lé gbogbo ohun tuntun. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí a mọ̀ ni pé ohun tó bá wà láàyè ní láti máa yí padà kí ó tó lè dúró. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ èyí tó yẹ kí a dì mú, èyí tó yẹ kí a jẹ́ kó lọ, àti èyí tó jẹ́ àmì ewu.

1. Nínú ara wa

Bí ara bá le, gbígbóná rẹ̀ kì í jìnnà sí 37 lórí ohun èlò tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ara, ìbáà ṣe ìgbà ooru, ìbáà ṣe ìgbà ọyẹ́. Kì í ṣe pé ara jókòó sójú kan. Bí ooru bá mú, òógùn á jáde, á gbẹ, ara á sì tutù. Bí òtútù bá mú, a ó máa gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á sì mú ooru wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa náà kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kí tuntun tó gba ipò rẹ̀. Ara tí a rò pé ó dúró, iṣẹ́ ló ń ṣe tọ̀sán tòru.

Ìyípadà kan tún wà tó jẹ́ ti àwa obìnrin. Nígbà tí mo pé ọdún 49, nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ooru á dédé gbà mí láàrin ìpàdé, n ó máa fi ìwé orin fẹ́ ara mi bí ẹni tó wà nídìí ààrò. Oorun dá lójú mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní baba àwọn ọmọ mi pàápàá. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin mọ́mì, àsìkò ló tó. Àìsàn kọ́.” Ó ṣàlàyé pé láàrin ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró. Bí oṣù 12 bá kọjá gbáko tí a kò rí i, a lè sọ pé ó ti dúró. Kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, oyún ṣì lè dé. Ó tún sọ pé egungun wa máa ń tètè dínkù lẹ́yìn àsìkò yìí, nítorí náà kí a máa rìn dáadáa, kí a sì máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè jẹ teegunteegun, ẹ̀fọ́ àti wàrà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí oṣù 12 ti kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ẹ má fi àgbo wò ó nílé, ẹ má sì fi àdúrà nìkan dúró. Ẹ lọ rí dókítà. Nígbà púpọ̀, ohun tí kò le ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ, tí ìtọ́jú rẹ̀ sàn jù bí a bá tètè rí i. Ìyá kan tí mo mọ̀ fi í pamọ́ fún ohun tó ju ọdún kan lọ nítorí ìtìjú. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́. Mo ti dákẹ́ rí, òun náà dákẹ́. Ti èmi jẹ́ ìyípadà tó yẹ kí n gbà. Tirẹ̀ jẹ́ èyí tó yẹ kí a sáré sí. Ẹni tó bá dákẹ́ kò lè mọ ìyàtọ̀.

2. Nínú ìṣẹ̀dá

Etí òkun náà dà bí ohun tí kì í kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ìgbì ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Láyé àtijọ́, yanrìn á gbárajọ sí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò sì lè wọlé. Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba kó òkúta ńláńlá jọ, wọ́n fi mọ odi wọ inú òkun. Ọkọ̀ ńlá wọlé, òwò sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n yanrìn tí odi náà dá dúró ni ìbá máa tún etí òkun Bar Beach ṣe. Kò rí i gbà mọ́, omi sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún nígbà náà, títí tó fi ya wọ títì ní Victoria Island.

N kò sọ pé kí wọ́n má ṣe èbúté. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí a bá dá ohun kan dúró fún ànfààní ara wa, ẹlòmíràn lè máa jìyà rẹ̀. Bí a bá ní kí ohunkóhun má yí padà nínú ilé, kí ìyàwó ọmọ wa tó jí lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún tún gúnyán fún gbogbo ilé lálẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: etí òkun ta ni omi ń jẹ?

3. Láwùjọ

Ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé kan wà, tí Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé. Ẹgbẹ́ náà ìbá dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ nípa owó orí tó ń ni àwọn obìnrin lára, tí wọn kò sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní 1946, wọ́n sọ ẹgbẹ́ di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Ransome-Kuti bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí ara lè tu àwọn ìyá ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1947 àti 1948, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tú jáde lọ sí ààfin. Nígbà tó fi di 1949, Aláké Ademola Kejì ti kúrò nílùú, a sì dá owó orí obìnrin dúró. Aláké padà sórí ìtẹ́ ní 1950.

Ẹ kíyè sí i: ìlú kò fọ́, ìtẹ́ kò parẹ́. Ìyà ló yí padà. Ẹgbẹ́ ló sì kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ padà kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀.

4. Nínú ìwé

A máa ń rò pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ kò ní yí padà mọ́. Mo gbé Bíbélì ìyá mi fún ọmọ-ọmọ mi láti kà, ó sì ń kọsẹ̀. “Aiye” ló wà níbẹ̀, àti “enia”, àti “nwọn”. Ó ní, “Màmá àgbà, wọ́n ṣì í kọ ni?” Mo ní rárá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ṣe ìtumọ̀ náà, ó sì pé lódindi ní 1884. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun, tí a fi ń kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Àwọn àgbà kan bínú nígbà náà bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ kan Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n tún ṣe, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè ka ọ̀rọ̀ kan náà tí ìyá mi kà.

Ẹ̀yin arábìnrin, bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a sún àkókò ìpàdé síwájú kí wọ́n lè ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ má tètè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe bá a. Àkókò ìpàdé dà bí lẹ́tà. Ìfẹ́, àdúrà àti ìtọ́jú ara wa ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a dẹ́kun bíbẹ opó wò nítorí pé ayé ti yí, ìyẹn kì í ṣe lẹ́tà mọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìyípadà wo ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ tí ìtìjú kò jẹ́ kí o sọ? Ta ni o lè sọ ọ́ fún lọ́sẹ̀ yìí?
2. Nínú ilé rẹ, ta ló ń ru ẹrù kí ohun gbogbo lè dúró bí ó ti wà?
3. Nínú ẹgbẹ́ wa, dárúkọ ohun kan tó jẹ́ “lẹ́tà” àti ohun kan tó jẹ́ “ọ̀rọ̀”.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pe nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ láti dáhùn ìbéèrè àwọn ìyá tó ti lé ní ogójì ọdún.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ àsìkò. Àmín.