Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ YÍYAN IRINṢẸ́ FÚN ÌTỌ́JÚ ALÙPÙPÙ NÍ ILÉ

Àgbẹ̀ tí ó ní alùpùpù ní ẹṣin tí kì í jẹ koríko. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin ti ń fẹ́ ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ li alùpùpù ń fẹ́ ẹ. Òun li ó ń gbé iṣu lọ sí ọjà, òun náà li ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn li òru. Bí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tú li ojú ọ̀nà, kì í ṣe ẹrù nìkan ni ó lè ṣòfò, bí kò ṣe ẹ̀mí pẹ̀lú. Àwọn àgbà a máa wí pé, ohun tí ọwọ́ kò tó, gọ̀ǹgọ̀ li a fi ń fà á. Ṣùgbọ́n gọ̀ǹgọ̀ tí kò yẹ igi, ẹ̀ka ni yóò ṣẹ́.

Èkíní, Ìwọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù kéékèèké tí a ń gùn ní ilẹ̀ Yorùbá ti Jàpáánì, Íńdíà tàbí Ṣáínà wá, mìlímítà li a sì fi ń wọn nọ́ọ̀tì wọn. Ìwọ̀n 8, 10, 12, 14 àti 17 li a ń bá pàdé jùlọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá sípánà oní-ínṣì ti ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́. Ààbọ̀ ínṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, bí a bá fi í sí nọ́ọ̀tì 12, àyè yóò kù láàrin wọn, sípánà yóò sì máa yọ̀ títí yóò fi jẹ igun nọ́ọ̀tì náà. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá sì ti di róbótó, sípánà rere pàápàá kò lè dì í mú mọ́.

Èkejì, Ẹnu sípánà. Sípánà olórùka a máa di gbogbo igun nọ́ọ̀tì mú. Èyí tí ẹnu rẹ̀ là a máa di ẹ̀gbẹ́ méjì péré mú. Nítorí náà olórùka li a fi ń tú nọ́ọ̀tì tí ó le, ẹlẹ́nu li a sì fi ń yí i nígbà tí ó bá ti dẹ̀. Èyí tí ó ní orí méjèèjì li ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà. Kí a má ṣe fi púláyà tú nọ́ọ̀tì. Wáyà àti píìnì li a dá a fún.

Ẹ̀kẹta, Súkúrúdíráfà. Súkúrúù alùpùpù Jàpáánì a sábà máa ní ojú àgbélébùú, a sì lè rí àmì kékeré kan bí ojú abẹ́rẹ́ li orí rẹ̀. Àmì náà ń fi hàn pé ojú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn súkúrúù àgbélébùú mìíràn. Díráfà tí kò bá wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yóò máa gòkè bí a ti ń yí i, yóò sì ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, Pílọ́ọ̀gì. Ó ní sípánà tirẹ̀ tí ó jìn bí ife. Pílọ́ọ̀gì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 a sábà máa gba sípánà 16, ti 12 a sì máa gba 18. Kí a wo ìwé alùpùpù náà kí a tó rà á. Ọwọ́ lásán li a fi ń kọ́kọ́ yí pílọ́ọ̀gì wọlé, kí ó má bàa gba ọ̀nà òdì.

Ẹ̀karùn-ún, Agbára. Gígùn ọwọ́ sípánà li ó ń pinnu agbára tí yóò dé ara nọ́ọ̀tì; nítorí èyí ni a ṣe ń rọ sípánà 10 ní kúkúrú ju 17 lọ. Ẹni tí ó bá ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè fún nọ́ọ̀tì sí i, ìbàjẹ́ ni ó ń wá. Alumíníọ̀mù li ara ẹ́ńjìnì, ó sì rọ̀ ju irin lọ. Bí a bá fún bóòtù tí a ń tú láti da ọ́ìlì sílẹ̀ jù, ojú ihò rẹ̀ yóò jẹ, ọ́ìlì yóò sì máa jò. Sípánà kan wà tí ń fi iye agbára hàn. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n aládùúgbò mélòó kan lè dá owó jọ rà á, kí wọ́n sì máa fi í di nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù sọ.

Ẹ̀kẹfà, Ohun ìwọ̀n. Kí a ní rúlà fún ṣéènì: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ó yẹ kí àárín rẹ̀ lè mì sókè-sódò ní bí mìlímítà 20 sí 30. Bí ó bá le jù, yóò jẹ bẹ́ríǹ. Bí ó bá dẹ̀ jù, ó lè fò kúrò li orí eyín rẹ̀, kí ó sì há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lójijì. Kí a ní géèjì afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú. Òwúrọ̀, kí a tó gùn ún, li a ń wọ̀n ọ́n, nítorí ooru ọ̀nà a máa mú òǹkà náà ga.

Nígbà tí a bá ń lọ sí ọjà, kí a mú nọ́ọ̀tì kan láti ilé dání, kí a sì fi sípánà dán an wò níwájú ọlọ́jà. Èyí tí ó bá ń mì lára rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Sípánà rere márùn-ún sàn ju ogún tí ń tẹ̀ lọ.

Ní ibi iṣẹ́, kí a pa ẹ́ńjìnì kí a tó fọwọ́ kan ṣéènì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdánù ìka níbẹ̀. Kí iná má ṣe sún mọ́ epo bẹntiróòlù; òórùn rẹ̀ pàápàá a máa gbiná. Kí a gbe ọ́ìlì àlòkù sínú abọ́, kí a má ṣe dà á sí oko tàbí sí ẹ̀bá kànga, nítorí a máa ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Iṣẹ́ inú ẹ́ńjìnì, àti bíréèkì tí kò bá yé ni, ti mẹkáníìkì ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a nu irinṣẹ́, kí a fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí a sì kà á kí a tó gun alùpùpù. Bí ọ̀kan bá dín, kí a wá a rí kí ẹsẹ̀ tó yí, nítorí sípánà tí a gbàgbé sí ẹ̀bá ṣéènì lè gbé ènìyàn ṣubú.