Ìtọ́jú Eyín Tí A Fi Wáyà Tò

Ní sáà tí ó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé ènìyàn márùn-ún ni wọ́n fi wáyà sí eyín nínú kíláàsì mi: ọ̀kan láti Gánà, ọ̀kan láti Kamẹrúùnù, àwọn mẹ́ta yòókù láti Nàìjíríà. Méjì nínú wọn wá bá mi ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì bi mí léèrè irú búrọ́ọ̀ṣì tí ó yẹ kí wọ́n máa lò, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ẹnu wọn. Ìbéèrè wọn rán mi létí ọ̀nà tí èmi náà ti gbà kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Kí ẹni tí kò ní wáyà lẹ́nu pẹ̀lú kà á, nítorí pé olùkọ́ ni gbogbo wa yóò dà, a kò sì mọ irú ọmọ tí yóò jókòó níwájú wa lọ́la.

OHUN TÍ WÁYÀ NÁÀ Ń ṢE

Kì í ṣe gbogbo eyín ni ó ń hù tààrà. Òmíràn a gun orí èkejì, òmíràn a sì yọ síta. Wáyà tí mo ń sọ yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bréèsì, ni àwọn oníṣègùn eyín fi ń tò wọ́n. Wọn a lẹ ìkọ́ kékeré kan mọ́ iwájú eyín kọ̀ọ̀kan, wọn a sì na wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí ìkọ́ kan dé orí èkejì. Èrò yìí kì í ṣe ti òní. Ní 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín kan ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde, nínú èyí tí ó ti ṣàpèjúwe irin pẹlẹbẹ tí a fi òwú so mọ́ eyín láti tò ó.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti wáyà yìí. Kì í fi agbára fa eyín. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tì í. Ní ìhà tí eyín ń lọ, eegun àgbọ̀n a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ìhà tí ó ti ń bọ̀, eegun tuntun a máa hù láti dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yìí, ìdí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ igun tí oúnjẹ lè sá pamọ́ sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ẹnu a kóra jọ síbẹ̀, wọn a sì di ìdọ̀tí rírọ̀ kan tí ń lẹ̀ mọ́ eyín. Wọn a máa jẹ ṣúgà inú oúnjẹ wa, wọn a sì máa sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ni ó ń jẹ èèpo funfun líle tí ó bo eyín. Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni àpá funfun bí ẹfun ní àyíká ìkọ́. Lára ẹni tí kò fọ eyín rẹ̀ dáadáa, àpá náà lè hàn láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Bí a kò bá sì dá a dúró, yóò di ihò.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo sì wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nígbà tí wọ́n fi wáyà sí mi lẹ́nu. Eyín iwájú mi méjì gun ara wọn. Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, àwọn ọmọ kíláàsì a máa fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu bí mo ti ń kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ àgbẹ̀ olóko kòkó, ni ó san owó wáyà náà. Ó wí fún mi pé: "Ìwọ ọmọ yìí, owó kòkó ọdún kan ni mo kó sí ọ lẹ́nu yìí. Má jẹ́ kí ó jẹrà."

Ilé-ìwòsàn tí mo lọ fi wáyà sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìmọ̀ sí mi lórí. Wọ́n ní kí n máa fọ ẹnu mi dáadáa, ó tán. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí lo ohun tí mo mọ̀. Ìyá mi àgbà di orín ata ránṣẹ́ sí mi láti ilé, mo sì ń rún un láàárọ̀ àti ní alẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ìkọ́ méjì ti já. Mo wá lọ ra búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tí irun rẹ̀ le jù lọ ni mo mú, nítorí mo rò pé líle rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó há ìdọ̀tí kúrò. Kò pẹ́ tí ẹran ìdí eyín mi wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì ni ó ń dá mi lọ́gbẹ́, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fi í sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan, ọmọ ilẹ̀ Gánà, pè mí, ó ní: "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi. Ẹnu rẹ ń rùn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tọ oníṣègùn mìíràn lọ, ìyá àgbàlagbà kan. Kò bá mi wí. Ó fún mi ní oògùn oníhóró kan láti jẹ, èyí tí ń pa ìdọ̀tí eyín láró pupa. Ó wá gbé dígí sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ìdí ìkọ́ ẹnu mi pọ́n bí osùn.

Ó ní: "Ṣé o rí i? Gbogbo ibi tí ó pọ́n yìí ni búrọ́ọ̀ṣì rẹ kò dé."

Mo ní: "Mo rí i, mà."

Ó ní: "Mo fún ọ ní oṣù méjì. Bí ó bá ṣì rí báyìí, n óò tú wáyà náà. Eyín wíwọ́ tí ó lera sàn ju eyín títọ́ tí ó ti jẹrà lọ."

Mo rántí kòkó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ kọ́ mi. Ohun tí ó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́ yín nísinsìnyí.

BÍ A TI Í YAN BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ

(1) Kí irun rẹ̀ rọ̀. Láyé àtijọ́, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì; ní 1938 ni onírun náílọ́ọ̀nù kọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Náílọ́ọ̀nù yìí ni ó wọ́pọ̀ lónìí, ó sì ní èyí tí ó le àti èyí tí ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà "soft" ni kí ẹ wá lára páálí rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, "souple" ni ẹ óò rí. Irun líle a máa ha ẹran ìdí eyín, kì í sì í tẹ̀ wọ abẹ́ wáyà.

(2) Kí orí rẹ̀ kéré. Orí ńlá kò lè dé ìdí eyín tí ó wà ní ìkángun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

(3) Àwọn búrọ́ọ̀ṣì kan wà tí a gé irun àárín wọn kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ó lè gba wáyà sí àárín. Ó dára bí ẹ bá rí i rà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má ṣe dààmú: búrọ́ọ̀ṣì lásán tí ó rọ̀ tó fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò.

(4) Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín mìíràn mọ́ ọn, irú èyí tí ó dà bí èyí tí a fi ń fọ ìgò ọmọdé, ṣùgbọ́n tí kò ju igi ìṣáná lọ. Òun ni ó ń wọ abẹ́ wáyà, láàrin ìkọ́ kan àti èkejì.

(5) Ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí kí ó tó di ìgbà náà bí irun rẹ̀ bá ti tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Wáyà a máa tètè ba irun náà jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, ẹ ṣàn án, kí ẹ gbé e dúró níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ sí i. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú àpótí ní tútù, ẹ má sì ṣe yá ẹnikẹ́ni lò, bí ó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó.

BÍ A TI Í FỌ EYÍN NÁÀ

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó kéré jù, pàápàá kí a tó sùn. Kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí ó ní wáyà lẹ́nu lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ yọ rọ́bà tí oníṣègùn bá ní kí ẹ máa yọ, kí ẹ sì fi omi yọ ẹnu dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì sí orí búrọ́ọ̀ṣì, kí ó tó bí ẹ̀wà kan. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: ìwọ̀n fúlóráìdì tí ó yẹ wà láàrin 1,000 sí 1,500 nínú mílíọ̀nù. Fúlóráìdì ni ó ń ran èèpo eyín lọ́wọ́ láti gba agbára rẹ̀ padà.

Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì ní ìdábùú díẹ̀ sí ibi tí eyín àti ẹran ìdí rẹ̀ ti pàdé, kí ẹ máa yí i ní òbírí kéékèèké. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ fọ òkè ìkọ́. Ẹ tún kọjú rẹ̀ sí òkè kí ẹ fọ ìsàlẹ̀ ìkọ́. Ẹ fọ inú, ẹ fọ orí eyín tí a fi ń jẹun, ẹ sì fọ ahọ́n. Nígbà náà ni kí ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín sí abẹ́ wáyà. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ fi òwú ìtayín gba àárín eyín kọjá. Ẹ tu ìfófòó dànù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí fúlóráìdì lè dúró lára eyín. Níkẹyìn, ẹ wo dígí. Bí gbogbo ìkọ́ kò bá tíì máa dán, iṣẹ́ kò tíì parí.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ìdí eyín, ẹ má ṣe sá fún ibẹ̀ bí èmi ti sá. Ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń mú kí ẹran náà wú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ náà yóò dínkù láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá dínkù, ẹ lọ rí oníṣègùn.

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ORÍN ÀTI OÚNJẸ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kẹ́gàn orín. Gbogbo wa ni a bá a nílé: àwọn tí ń sọ èdè Twi ní Gánà ní tweapea, àwọn Wolof ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ní sothiou, àwọn Hausa ní asuwaki. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lo orín níbi tí ó bá ti jẹ́ àṣà wọn. Ṣùgbọ́n eyín iwájú ni a fi ń rún un kí ó tó di fọ́nrán, agbára ìrún náà ni ó sì ń já ìkọ́. Fọ́nrán rẹ̀ kò sì lè wọ abẹ́ wáyà. Kí ẹni tí ó ní wáyà lẹ́nu fi í sílẹ̀ títí wọn yóò fi tú u. Orín kò ní bínú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oúnjẹ líle. Ẹ jìnnà sí eegun fífọ́, ìrèké, kúlíkúlí, omi dídì, obì àti orógbó. Ẹ rẹ́ àgbàdo kúrò lára kúkù rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé èso. Súìtì tí ń lẹ̀ àti ohun mímu aládùn ni ọ̀tá tí ó burú jù. Bí ìkọ́ bá já, ẹ má ṣe fà á. Ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

ÌPARÍ

Nígbà tí oṣù méjì pé, ìyá náà tún pa eyín mi láró. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó pọ́n, kò sì tú wáyà náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó bọ́ ọ kúrò, ó sì fún mi ní èyí tí mo ń fi sẹ́nu lóru kí eyín má bàa padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń fọ ìyẹn. Omi gbígbóná a máa ká a kò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n la ẹnu. Ó wò ó bí ẹni ń yẹ kòkó wò kí ó tó gbé e lọ sí orí òṣùwọ̀n, ó sì ní owó òun kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n àpá funfun méjì wà lára eyín òkè mi títí di òní. Ti oṣù tí mo fi sá fún ẹ̀jẹ̀ ni. Wáyà lè to eyín. Kò lè fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ẹnu ni ìyẹn wà. Bí ọmọ kan bá wọ kíláàsì yín pẹ̀lú wáyà lẹ́nu, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fún un ní àyè láti yọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ sì bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ bí a ti í fọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí ìtò eyín fi ń gba ọdún kan ààbọ̀ sí méjì?
2. Báwo ni àpá funfun ṣe ń dé ara eyín?
3. Sọ ohun mẹ́ta tí ìwọ yóò wò kí o tó ra búrọ́ọ̀ṣì.
4. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí eyín rẹ̀ ṣe, èé sì ti ṣe?
5. Kí ni orúkọ orín ní èdè tìrẹ, igi wo ni a sì ń gé e lára? Kọ ìpínrọ̀ kan lé e lórí.