Ẹ̀kọ́ Keje: Dókítà, Ará Ìlú àti Ọ̀rọ̀ Ìlera Lórí Ayélujára

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí òǹkàwé lè sọ ìdí tí ó fi jẹ́ ojúṣe dókítà láti máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, kí ó lè ka àwọn ìwà rere tí ó gbọ́dọ̀ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn, kí ó sì mọ ojúṣe tirẹ̀ kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ìlera ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Ìlú tí ó mọ iyì ìmọ̀ràn oníṣègùn

Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, wà níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọdún 1841, àwọn ará Ìlú Ọba gbé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wọ Odò Ọya, wọ́n sì gba ilẹ̀ ní agbègbè yìí láti fi dá oko. Ibà kọ lù wọ́n. Àwọn aláwọ̀ funfun tí ó bá a lọ lé ní 40, ìrìn àjò náà sì forí ṣánpọ́n. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pleiad gba ojú odò kan náà lọ sí Bẹ́núé. Dókítà William Balfour Baikie ni ó darí rẹ̀; Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tí ó ti bá wọn lọ ní 1841, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi padà dé etíkun, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí ó wà níbẹ̀.

Kinini, oògùn ibà, ni ó ṣe é. Oògùn náà kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé dókítà náà ní kí gbogbo wọn máa lò ó déédéé, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kí ibà tó dé. Òun kan náà ni ó padà wá tẹ ibùdó dó sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ọdún 1860.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí ó wà nínú orí oníṣègùn kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn. Ó di ìgbà tí ìmọ̀ náà bá dé etí àwọn ènìyàn, ní àkókò àti ní ìwọ̀n, kí ó tó di ìwòsàn. Nínú ọkọ̀, dókítà kan lè bá gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Lónìí, àwọn tí ó yẹ kí dókítà bá sọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwọn tí yóò jókòó níwájú rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni fóònù wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹlòmíràn sì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀?

2. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti orílẹ̀-èdè Làìbéríà wá gbé àrùn Ebola wọ ìlú Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi agbára béèrè fún un. Dókítà náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ìdúróṣinṣin rẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àjàkálẹ̀ náà tàn ká gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n bí àwọn dókítà ti ń bá àrùn jà, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ń rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí fóònù kan dé òmíràn pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, nítorí pé èyí ni yóò dáàbò bò ó. Àwọn òbí jí ọmọ wọn lóru. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ìlú ńlá pe àwọn òbí wọn ní abúlé. Kò sí ẹni tí ó ní ète búburú nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pín in. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn onímọ̀ kan ṣe àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ nípa ìdènà àti ìwòsàn Ebola tí àwọn ènìyàn kọ sórí Twitter ní Gíní, Làìbéríà àti Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú 564 tí wọ́n kà, 313 ni kò jẹ́ òtítọ́. Lára irọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ewédú ń wo Ebola sàn. Ewédú jẹ́ ọbẹ̀ tí ó ṣe ara lóore, kò sì sí ilé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n kò wo Ebola. Wọ́n ṣírò pé irọ́ wọ̀nyí lè dé ojú àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 15, nígbà tí òtítọ́ lè dé ojú àwọn tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò ní ogún ọdún láti fi dúró. Nítorí náà, ní ti ọ̀rọ̀ ìlera, ó yẹ kí òtítọ́ ti wà lójú ọ̀nà kí irọ́ tó gbéra. Èyí ni àwọn dókítà ọ̀dọ́ kan rí ní ọdún náà tí wọ́n fi dá EbolaAlert sílẹ̀, tí wọ́n sì ń lo Twitter láti dáhùn ìbéèrè àti láti sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ènìyàn 20 ni ó mú. Mẹ́jọ nínú wọn ni ó kú.

3. Iyọ̀ kan náà

Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, omi Odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya, ó sì bo ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́kọ́ja. Bí omi bá wọ inú kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ewu àrùn onígbá méjì ti dé nìyẹn. Àrùn yìí máa ń fa omi ara ènìyàn gbẹ kíákíá. Ohun tí a kọ́kọ́ ń fi gbà á ni àpò ORS tí a ń pò mọ́ omi. Bí kò bá sí nítòsí, a lè fi ṣíbí tíì pẹlẹbẹ mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan omi tí ó mọ́, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ wò ó: iyọ̀ kan náà ni. Iyọ̀ tí ó pa ènìyàn ní 2014 ni iyọ̀ tí ó ń gba ọmọ là lọ́wọ́ onígbá méjì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n, àti ìmọ̀ ẹni tí ó sọ ìwọ̀n náà. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà èékún, tí ó wá kọ ṣíbí iyọ̀ mẹ́fà dípò ìdajì, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn, májèlé ni ó fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlera dà bí oògùn: ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó pò ó, kí a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

4. Ojúṣe dókítà

(a) Kí ọ̀rọ̀ tètè dé. Ilé ìwòsàn tí ó ní ojú òpó lórí ayélujára gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe: ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àkókò tí dókítà ọmọdé máa ń wà níjòókòó, ibi tí a lè gbé aláìsàn lọ bí omi bá gé ọ̀nà. Kí a kọ ọjọ́ sí gbogbo ìkéde, nítorí pé ìkéde ọdún tí ó kọjá lè ṣi aláboyún lọ́nà lónìí. Bí dókítà bá sì ṣe àṣìṣe, kí ó tún un ṣe ní gbangba, ní ojú òpó kan náà. Àtúnṣe kì í ṣe ìtìjú. Fífi àṣìṣe pamọ́ ni ìtìjú.

(b) Kí ó jẹ́ èdè tí a gbọ́. Ní Lọ́kọ́ja, a ń gbọ́ Igala, Ebira, Nupe, Hausa, Yorùbá àwọn ará Ọ̀kun àti àwọn èdè mìíràn. Dókítà tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti bá ìwọ̀nba ènìyàn sọ̀rọ̀. Kí ó gba ohùn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ní èdè àwọn tí ó ń tọ́jú, kí ìyá àgbà tí kò lè kàwé lè gbọ́ ọ. Èyí kì í jẹ dátà púpọ̀, ó sì rọrùn láti tún gbọ́.

(d) Kí àṣírí aláìsàn wà ní ìpamọ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ìlera ènìyàn, ìtọ́jú rẹ̀ àti wíwà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda tàbí tí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Kò tó kí a bo ojú aláìsàn nínú àwòrán. Ní ìlú tí a ti mọ ara wa, aṣọ, àdúgbò tàbí ọjọ́ tí a dárúkọ tó láti tú u fó. Bákan náà, bí a bá kó àwọn tí ń gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti kògbóògùn jọ sínú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, olúkúlùkù wọn ti rí nọ́ńbà ẹnì kejì. Ọ̀nà tí ó dára ni kí a fi ìkéde ránṣẹ́ lọ́nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀: bí àṣírí bá ti bọ́ sórí ayélujára, kò sí ẹni tí ó lè kó o padà tán.

(e) Kí ó má di ìpolówó ọjà. Òfin ìwà tí ó de àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà kò gba dókítà láyè láti máa polówó ara rẹ̀ bí ẹni ń polówó aṣọ. Kí ó kọ́ ará ìlú ní ẹ̀kọ́. Kí ó má ṣèlérí pé òun nìkan ni ó lè wo àrùn kan sàn.

(ẹ) Kí ó mọ ibi tí agbára ayélujára pin sí. Ní 2014, kì í ṣe Twitter ni ó lé Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ìbẹ̀wò tí ó tó 18,500 láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo ara àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn bóyá ó gbóná. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Ọwọ́ dókítà ni ó ń yẹ ara wò. Bí aláìsàn bá ṣàlàyé ìrora àyà tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà lórí WhatsApp, ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn nísinsìnyí.”

5. Ojúṣe ará ìlú

Bí dókítà ti ní ojúṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ní tiwa. Kí a tó fi ọ̀rọ̀ ìlera ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó sọ ọ́, níbo ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́? Ọjọ́ wo ni ó sọ ọ́? Ṣé òṣìṣẹ́ ìlera tí mo mọ̀ yóò fọwọ́ sí i? Ọ̀rọ̀ tí ó bá ní “ẹ tètè fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́” ni ó yẹ kí á dúró lé lórí jù lọ. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa àjàkálẹ̀ àrùn lè pe NCDC lórí 6232 láìsan owó. Bí a bá sì ti fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀, ẹ jẹ́ kí á padà sọ fún gbogbo ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ó lè nira fún ọmọ láti sọ fún bàbá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí pé ohun tí bàbá fi síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Kí ó pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́.

6. Ìbéèrè fún ìjíròrò

i. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn rere pín ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ní ọdún 2014?
ii. Ṣàlàyé bí iyọ̀ kan náà ṣe lè gbani là tí ó sì lè pani.
iii. Dókítà kan fẹ́ fi àwòrán ọmọ tí ó wò sàn kọ́ àwọn òbí. Kí ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú?
iv. Èdè wo ni àwọn ará àdúgbò rẹ ń gbọ́ jù? Ta ni ó ń fi èdè náà sọ ọ̀rọ̀ ìlera fún wọn?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Wá ọ̀rọ̀ ìlera kan tí ó dé orí fóònù rẹ láàárín oṣù yìí. Mú un lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọ, kí o sì sọ àbájáde rẹ̀ fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí ọ.