Bí A Ṣe Ń So Sípíkà Mọ́ Amplifier Gìtá Láìsí Ewu

Lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá jọ ni a fi ń ra ẹ̀rọ orin fún gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ó dunni nígbà náà pé kí amplifier gìtá jóná kìkì nítorí pé a so ó mọ́ sípíkà tí kò bá a mu.

Gbogbo sípíkà ni ó ní ìwọ̀n ìdènà tí ó ń ṣe fún iná mànàmáná. Ohm ni orúkọ ìwọ̀n yìí, láti ara Georg Simon Ohm, ará Jámánì tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé girama ní ìlú Cologne, tí ó sì tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Bí ohm bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni iná tí sípíkà ń fà yóò ṣe pọ̀ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: àpótí sípíkà 8 ohm méjì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kì í di 16, 4 ni wọ́n ń dì. Bí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn méjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, èrò a máa yára jáde ju ti ọ̀kan ṣoṣo lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná rí. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń di 16.

Bí amplifier bá jẹ́ ti tiransítọ̀, tí a sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín sí 8 ohm, sípíkà 4 ohm lè mú un gbóná kọjá ààlà, kí ó sì jóná. Sípíkà 16 ohm kò ní bà á jẹ́. Ohùn rẹ̀ ni yóò kàn dínkù. Ṣùgbọ́n ti onífáàfù yàtọ̀: kí iye ohm ti ìhà méjèèjì dọ́gba ni ó dára jù, a kò sì gbọdọ̀ tàn án láìsí sípíkà lára rẹ̀, kí tiransífọ́mà inú rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Nítorí náà:
1. Ẹ ka iye tí a kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjì.
2. Ẹ pa iná kí ẹ tó so wáyà tàbí tú u.
3. Ẹ lo wáyà sípíkà tí ó nípọn, kì í ṣe wáyà gìtá.
4. Ẹ rí i pé wáàtì tí sípíkà lè gbà kò kéré sí ti amplifier.

Bí míta bá fi nǹkan bí 6 hàn lórí sípíkà 8 ohm, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. A sì dámọ̀ràn pé kí a fi ọ̀dà kọ iye ohm gàdàgbà sí ẹ̀yìn àpótí kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn láti to ẹ̀rọ lè rí i kí ó tó tan iná.