Orí Kẹjọ: Èdè Tí A Ó Fi Kọ Ayò Sínú Kọ̀ǹpútà

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Adó-Àwáyè fẹ́ kọ ayò ọlọ́pọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí àlejò tó wá gun òkè wo adágún orí àpáta lè rí nǹkan ta nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ tán. Èdè wo ni yóò fi kọ ọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti máa jiyàn: ẹni tó gbọ́ Python á ní Python ni, ẹni tó gbọ́ C++ á ní C++ ni baba. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú ìyẹn: irú iṣẹ́ wo ni, ta ló sì máa lò ó, lórí ẹ̀rọ wo?

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ya àwọn èdè náà sọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ju 0 àti 1 lọ, nítorí náà gbogbo ohun tí a bá kọ fún un ló nílò ògbufọ̀. Ohun tí a bá fi C++ kọ, wọ́n á ti túmọ̀ rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, bíi Bíbélì tí a ti tẹ̀ ní Yorùbá. Ti Python dà bí ìwàásù àlejò: ògbufọ̀ dúró ti oníwàásù, ó ń túmọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí Python fi ń lọ́ra ju C++ lọ. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Ṣé ìlọ́ra yẹn máa pa ayò lára? Rárá. Ilé 12 ló wà lórí ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Láti 0 ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà, nítorí náà 11 ni ilé tó kẹ́yìn. Bí ọwọ́ ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì nígbà tí a bá ń pín ọmọ ayò, ìlà kan yìí ló gbé e:

ile = (ile + 1) % 12

Àmì % ń béèrè iye tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá fi 12 pín in. Láti ilé 3, a ó dé 4. Láti ilé 11, a fi 1 kún un, ó di 12. A fi 12 pín 12, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan, a padà sí ilé 0. Ọpọ́n ti yípo. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà máa ṣe é kí ojú tó ṣẹ́. Láti 1991 ni Guido van Rossum ti gbé Python jáde, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí ẹ̀rọ.

Bí ọ̀dọ́ náà bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà di ọ̀tayò tí kì í ṣìṣe, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi ọpọlọ ìṣirò 144 yẹ gbogbo ipò tí awari, ọmọ ìyá ayò, lè wà wò: 889,063,398,406. Wákàtí 51 ló gbà. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì tó ń ta kò bá ṣìṣe rárá, ọ̀mì ni. Fún irú ìṣirò báyìí, C tàbí C++ ni kí ó wá.

Géèmù tó kún fún àwòrán, ìjà àti orin tún yàtọ̀. Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, lo XNA, irinṣẹ́ ìkọ-géèmù ti Microsoft tó ń bá èdè C# ṣiṣẹ́, fún géèmù wọn, Aurion, tó jáde ní 2016. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ní 2013 nígbà tí Microsoft sọ pé àwọn kò ní mú XNA tẹ̀ síwájú mọ́. Wọ́n parí rẹ̀ náà, mo sì kan sáárá sí wọn, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí wádìí bóyá irinṣẹ́ tó fẹ́ lò ṣì ní olùtọ́jú. Irinṣẹ́ ìkọ-géèmù tó ń jẹ́ Godot ni èmi máa gba ọ̀dọ́ wa níyànjú láti lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo bíi irinṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Unity, GDScript tó jẹ́ èdè rẹ̀ sì jọ Python.

Áàpù ìwé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn ńkọ́? Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ wọn, C# bá a mu. Ṣùgbọ́n èdè yòówù tó bá mú, ọ̀rọ̀ iná ni kó kọ́kọ́ rò: akọ̀wé ń tẹ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, iná lọ. Kó lo SQLite, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ, kí áàpù náà sì máa pa owó ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ní kété tí akọ̀wé bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, láìdúró de ìgbà tí orúkọ á pé.