Yàrá Tí A San Owó Rẹ̀ Sílẹ̀ Fún Ọdún Ọ̀ṣun

Ìbéèrè: Ọmọ Ìlobù ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo san àsansílẹ̀ fún yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí ìdílé kan ń bójú tó ní Òṣogbo. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹlòmíì ti wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe lọ́tẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń wọlé lóṣù kẹjọ, yàrá a di ohun tí wọ́n ń jà sí. Nírú òtẹ́ẹ̀lì tí ìdílé ń bójú tó bẹ́ẹ̀, ọmọ lè gba owó lórí fóònù kí ìyá má gbọ́, kí ìyá sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó kọ́kọ́ dé lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́ jìbìtì.

Ẹ bá onílé gan-an sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ni kí ẹ san, kí wọ́n sì fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Kí ẹbí kan yà láti Ìlobù lọ wo omi, àwọ̀n ẹ̀fọn àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ti jẹnẹrétọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Bí èéfín rẹ̀ bá ń gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ má sùn níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáde síta, kí ẹ gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ yà wo ilé ayàwòrán Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ní òpópónà Ìbòkun. Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n bí màmá náà sí lọ́dún 1915, àmọ́ wọ́n ti gbé Ìlobù yín rí kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo.